TA NI YÓÒ TỌ́JÚ OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA KỌ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ni, àti ti ìwé àtijọ́, àti ti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ń fi àkókò ara wọn tọ́jú wọn láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn lè béèrè pé: kí ni ó kan Mùsùlùmí nínú ilé tí ó ti gbó, nígbà tí àwọn alààyè ṣì ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí? Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dáhùn rẹ̀ kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa.

ILÉ TÍ ÒFIN KÒ GBÀ LÀ

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ilé kan wó ní Gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Kì í ṣe ìjì ni ó wó o, kì í sì í ṣe òjò. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wó o. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Àráfà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà nínú ààwẹ̀, tí a ń múra Iléyá ọjọ́ kejì sílẹ̀. Nígbà tí a fi kírun Iléyá tán, òkìtì àlàpà ni ó kù níbi tí ilé náà ti wà.

Ilojo Bar ni wọ́n ń pe ilé náà. Kí orúkọ yìí má lé ẹnikẹ́ni sá nínú yín. Lóòótọ́ ni wọ́n ti ta oúnjẹ àti ọtí nínú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà nínú ògiri rẹ̀ ju ti ọtí lọ. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, ọdún 6 ṣáájú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Irú ọnà ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti ilẹ̀ Bùràsílì ni a fi kọ́ ọ, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, tí Ọlọ́hun sì dá padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya ra ilé náà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ilé náà fi wà lábẹ́ ààbò òfin. Òfin ọdún 1953 lórí ohun àtijọ́ ni a kọ́kọ́ lò. Nígbà tí ó di 1979, ìjọba ológun gbé òfin mìíràn jáde, èyí tí ó dá àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Òfin wà, àjọ wà, orúkọ ilé wà nínú ìwé. Síbẹ̀, ilé wó.

A kò fẹ́ dá ẹbí kankan lẹ́jọ́ níhìn-ín. Gbogbo wa ni a mọ bí ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ púpọ̀ ti máa ń ṣòro láti tọ́jú. Òrùlé ń jò; ẹni tí ó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní kì í ṣe orí òun ni ó ń jò lé; ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ní òun kò ní yọ owó sí ilé tí òun kò gbé. Lọ́wọ́ kan náà, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé náà ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Bí òfin bá wá sọ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má wó o, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn ra páànù kan ṣoṣo, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Òfin lè fìyà jẹ ẹni tí ó wó ilé, ṣùgbọ́n òfin kì í gun òrùlé lọ dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé. Ènìyàn ni í ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ RÁN NÍṢẸ́

Ní Èkó yìí kan náà, ní 1995, àwọn ènìyàn díẹ̀ kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Legacy, èyí tí púpọ̀ ń pè ní Legacy 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Nàìjíríà ní 1954, tí ó sì fi ilẹ̀ wa ṣe ilé, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Kò ní ọlọ́pàá, kò sì ní àṣẹ láti dá katakata dúró. Ohun tí wọ́n ní ni ìmọ̀, ìfẹ́ ìlú, àti sùúrù. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pe àkíyèsí àwọn aláṣẹ sí wọn, wọ́n sì ń bá àwọn tí ó ni wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ilojo Bar ń gbóná, wọ́n wà lára àwọn tí ó ké gbàjarè. Igbe wọn kò gba ilé náà là. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbà là, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Ilé náà ni wọ́n ń pè ní Jaekel House, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùtè-Mẹ́tta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, a sì kọ́ ọ ní 1898, nígbà tí iṣẹ́ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọdún 3 kí ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àtijọ́ ní iléeṣẹ́ rélùwéè, ni a fi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ Legacy bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣe àdéhùn, wọ́n sì tún ilé náà ṣe. Nígbà tí ó fi di 2010, ilé náà ti padà bọ̀ sípò, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí a ń kó àwòrán àtijọ́ àti ohun èlò rélùwéè sí, kí tọmọdé tàgbà lè wá wò ó.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú iṣẹ́ yìí. Èkínní, wọ́n lọ bá ẹni tí ó ni ilé. Wọn kò dúró sí ìta gbangba kí wọ́n máa bú u. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì jọ fẹnu kò. Èkejì, wọn kò sọ pé àwọn yóò tún gbogbo Èkó ṣe. Ilé kan ni wọ́n gbájú mọ́ títí ó fi dára. Ẹni tí ó bá lépa eku méjì yóò pòfo. Ẹ̀kẹta, wọ́n wá iṣẹ́ fún ilé náà láti máa ṣe. Ilé tí kò ní iṣẹ́ kì í pẹ́ kú: bí a bá tún un ṣe lónìí tí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ikán ni yóò bá wa ṣí i lọ́la.

ÀWA MÙSÙLÙMÍ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á yí ojú sí ilé tiwa. Ní Òpópónà Martins ní Erékùṣù Èkó, mọ́sálásí kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ ti kírun níbẹ̀ mọ̀ dáadáa: mọ́sálásí Shitta-Bey. Mohammed Shitta Bey, ọmọ Sàró tí Ọlọ́hun fi òwò bù kún, ni ó kọ́ ọ. João Baptista da Costa, Àgùdà láti ilẹ̀ Bùràsílì, pẹ̀lú Sanusi Aka, ni wọ́n jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, níṣojú Gómìnà Gilbert Carter. Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù ní Liverpool, wá láti ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ní 1895 ni ó jáde láyé, ọdún kan péré lẹ́yìn náà.

Ẹ ronú lé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Lónìí, ẹnìkan lè dojú kọ yín ní iléèwé pé àlejò ni Mùsùlùmí nínú ọ̀làjú ilẹ̀ Yorùbá. Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Ẹ ó ka ìwé fún un, ó lè má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un lọ́wọ́ lọ sí Òpópónà Martins, tí ẹ sì fi ilé tí a ṣí ní 1894 hàn án, tí ọmọ Sàró náwó sí, tí Àgùdà àti Sanusi fọwọ́ kọ́, tí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì àti aṣojú Tọ́kì jọ wá bá ṣe ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ilé náà ń jẹ́rìí fún wa láìsanwó. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára Ilojo Bar, kì í ṣe orúkọ tí ìjọba fún un ni ó mú un dúró. Ìrun ni ó mú un dúró. Jamáà tí ó ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójoojúmọ́ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣe oríire bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí àgbà ti Èkó tí àwọn bàbá wa kọ́ láàárín 1908 àti 1913, òun náà ní ọnà ìkọ́lé ilẹ̀ Bùràsílì, kò sí mọ́. Wọ́n wó o kí wọ́n lè kọ́ ńlá mìíràn sí ipò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1988. A kò wí pé wọ́n ṣẹ̀. Jamáà ti pọ̀, wọ́n sì nílò ààyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: nínú mọ́sálásí ìlú tiwa, èyí tí a ti wó tàbí èyí tí a fẹ́ wó, àwòrán mélòó ni a yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni ó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀? Ta ni ó kọ orúkọ káfíńtà tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀? Òkúta tí wọ́n kọ ọdún sí lára ògiri, ibo ni ó wà? Ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí ńlá kan ní 1912, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ti kọ́ iṣẹ́. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá lọ láìsí àkọsílẹ̀, ẹ̀rí kan lọ nínú ìtàn àwọn ẹrú tí wọ́n rí òmìnira tí wọ́n sì fi ojú kan ilé padà.

ÀWỌN TÍ Ó Ń TAKÒ

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwọn kan yóò ní: ṣé kì í ṣe bídíà ni kí ènìyàn máa júbà ilé àtijọ́? Ìdáhùn wa rọrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọwọ́ pa ògiri mọ́sálásí kí ó lè rí àánú gbà lára ògiri, àwa náà yóò kọ̀ fún un. Ògiri kò lè ṣe ènìyàn lóore, kò sì lè ṣe é níbi. Ṣùgbọ́n títọ́jú kì í ṣe jíjúbà. Ẹni tí ó ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò sin bébà; ó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ni. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá ké sí wa nígbà púpọ̀ pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wòye ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣáájú wa já sí. Báwo ni a ó ti wòye, bí a bá ti kó gbogbo ohun tí à bá wò dà sí ààtàn?

Àwọn mìíràn yóò ní: mọ́sálásí kò gbà wá mọ́, ṣé kí á má fẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ fẹ̀ ẹ́. Mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà pàápàá, Sàyídínà Úmárù fẹ̀ ẹ́, Sàyídínà Ùsúmánù náà sì fẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń bá jà. Ohun tí a ń bá jà ni ìkánjú àti fọ́rífọ́rí: kí ìgbìmọ̀ jókòó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí agbaṣẹ́ṣe dé láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé mọ́sálásí àdúgbò kejì ti lẹ táìlì tí tiwa kò sì tíì ní. Nígbà mìíràn ààyè wà lẹ́yìn tí a lè kọ́ tuntun sí, kí àtijọ́ sì di iléekéwú àwọn ọmọdé. Nígbà mìíràn òrùlé nìkan ni ó bàjẹ́ tí a fi sọ pé gbogbo ilé ti kú. Ẹni tí eyín ń dùn kì í gé orí.

Àwọn kan yóò sì tún ní: ebi ń pa àwọn ènìyàn, ẹ̀yin ń sọ ti ilé. Òótọ́ ni pé ẹnu kọ́kọ́ ni kí á fún ní oúnjẹ. Bí ó bá di dandan kí á yan ọ̀kan nínú ìgbálà ọmọ òrukàn àti ìgbálà ògiri, kí ògiri wó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ń pè yín sí yìí kò gba owó. Wíwó mọ́sálásí àti kíkọ́ tuntun ni ó ń gba owó ńlá. Owó tí a fi wó ilé tí ó ṣì le, kí á tó tún un kọ́, ìbá ti sanwó iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn. Ta ni ó wá ń ṣe ìnákúnàá nínú àwa méjèèjì?

TI ÌWÉ NÍ PÀTÀKÌ

Kì í ṣe ilé nìkan ni ó ń wó. Ìwé náà ń wó, ṣùgbọ́n òun kì í pariwo. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tìmbúkítù ní ilẹ̀ Màlì. Ní 2012, àwọn kan dìhámọ́ra wọ ìlú náà, wọ́n ní àwọn wá tún ẹ̀sìn ṣe. Nínú àwọn ilé ìlú náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àfọwọ́kọ wà tí ìdílé ti ń fi lé ìdílé lọ́wọ́: Àlùkùránì, ìwé fíkíhì, ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀, ìwé ìṣègùn. Abdel Kader Haidara àti àwọn ará ìlú tí wọ́n gbà láti ràn án lọ́wọ́ kó àwọn ìwé náà sínú àpótí irin, wọ́n sì ń gbé wọn jáde díẹ̀díẹ̀, nínú ọkọ̀ ilẹ̀, lórí ọkọ̀ ojú odò, títí wọ́n fi dé Bàmákò. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, nígbà tí àwọn tí ó gba ìlú ń sá lọ, wọ́n dáná sun díẹ̀ nínú ìwé tí ó kù ní ilé ìwádìí tí a fi orúkọ Ahmed Baba sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín lára. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń tún ẹ̀sìn ṣe ni wọ́n sun ìwé. Àwọn ará ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, awakọ̀, atukọ̀, ọmọ kéú, ni wọ́n gbà á là. Àtúnṣe tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípa ìmọ̀ run, ìbàjẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, a kò ní ogun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní òjò, a ní ikán, a sì ní ọmọ tí kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àkójọ ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, kọ ìwé lórí ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti lórí àwọn àáfà Ìlọrin kí ó tó jáde láyé ní 1992. Àwọn àgbà ti ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n nínú àjà ilé àáfà mélòó ni ìwé tí a fi kálàmù kọ ṣì wà, tí ọmọ ọmọ ń fi wé àkàrà?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí orí ìwé. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀dọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kóra jọ. Kò dìgbà tí a bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kò sì dìgbà tí olówó kan bá gbà láti ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ wọn:

1. Kí wọ́n ka ohun tí ó wà. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo mọ́sálásí àtijọ́, iléekéwú àtijọ́ àti ilé àwọn àáfà àkọ́kọ́ ní ìlú wọn sínú ìwé kan. Ohun tí a kò kà, a kò ní mọ ìgbà tí ó sọnù.

2. Kí wọ́n bi àwọn àgbà. Ẹ̀sìn wa ni ó kọ́ wa pé kí á bi ẹni tí ó mú ìròyìn wá pé: lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ, ta ni ẹni náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ hàdíísì ṣe ṣọ́ ọ̀rọ̀ Ànábì. Kí á lo ọgbọ́n kan náà fún ìtàn ìlú wa. Kí wọ́n gba ohùn àwọn bàbá àti àwọn ìyá sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí wọ́n má sì fi àbùmọ́ sí i. Kí wọ́n má ṣe gbàgbé àwọn ìyá o, nítorí pé àwọn ni wọ́n ru omi àti yanrìn tí a fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé náà.

3. Kí wọ́n wọn ilé náà, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Téèpù ìwọ̀n kan àti fóònù alágbèéká ti tó. Kí wọ́n ya iwájú, ẹ̀yìn, òrùlé, ilẹ̀kùn àti gbogbo ibi tí a bá kọ nǹkan sí. Kí wọ́n pa àwòrán náà mọ́ síbi méjì, kí ọ̀kan má baà sọnù kí gbogbo rẹ̀ parẹ́.

4. Kí wọ́n wá ìwé ilẹ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ mọ́sálásí wa ni ẹni rere kan yọ̀ǹda ní wákàfù nítorí Ọlọ́hun, tí kò sì sí ìwé, tí ó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá kú, àríyànjiyàn yóò dìde. Ìgbà tí ẹlẹ́rìí ṣì wà láàyè ni kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí Lèmọ́mù àti ẹbí náà sì fọwọ́ sí i.

5. Kí wọ́n máa ṣọ́ òrùlé. Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ilé àtijọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n gbá ewé kúrò lójú ọ̀nà omi, kí wọ́n dí ihò páànù, kí wọ́n sì wo ẹsẹ̀ òpó bóyá ikán ti dé. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ǹtì bò ó láìbi oníṣẹ́ tí ó mọ ilé alámọ̀. Sìmẹ́ǹtì a máa há omi mọ́ inú amọ̀, ògiri yóò máa dán lójú, yóò sì máa jẹrà nínú.

6. Kí wọ́n tètè bá onílé sọ̀rọ̀. Kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kí agbaṣẹ́ṣe tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kí wọ́n má lọ pẹ̀lú ìhàlẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó jogún ilé ga lójú Ṣàríà. A kò lè fi ìfẹ́ ìtàn gba ohun ìní ẹlòmíràn. Ohun tí a lè ṣe ni kí á bá a gbé ẹrù náà. Bí ó bá sì di dandan kí ilé wó, kí á tọrọ ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́wọ́ rẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, láti yàwòrán rẹ̀, kí á sì gba ilẹ̀kùn àti òkúta tí a kọ ọdún sí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí èyí tí ó kọjá agbára yín nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn tí wọ́n kó ara wọn jọ ní Èkó ní 1995 kò pọ̀, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ènìyàn tó rí èso iṣẹ́ wọn ní Ẹ̀bùtè-Mẹ́tta. Ọwọ́ díẹ̀ tí kò rẹ̀ sàn ju ọwọ́ púpọ̀ tí ó rọ̀ lọ. Shitta Bey kò gbé ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mọ́sálásí rẹ̀. Àwa tí a kò bá a láyé ni à ń kírun níbẹ̀. Ẹni tí ó tún òrùlé ibẹ̀ ṣe lónìí, ẹni tí a kò ì bí ni yóò kírun lábẹ́ rẹ̀. Sàráà tí kì í dópin ni, bí èrò ọkàn bá dára.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àánú Rẹ̀ bo àwọn tí ó kọ́lé sílẹ̀ dè wá. Kí Ó dárí àṣìṣe wọn jì wọ́n. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí á di ìran tí ó jogún odidi tí ó sì fi àlàpà sílẹ̀ fún ọmọ. Kí Ó fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí ó yẹ kí á tún ṣe, àti ohun tí ó yẹ kí á tọ́jú. Àmín.